Ilé Tí Olú Kọ́ fún Kòkòrò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá rí ohun kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára ẹ̀ka igi bí ẹní, kí ni ẹ ó wí? Ẹ ó ní olú ń jẹ igi ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà ti rò rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi bí ìpẹ́ ẹja. Wọn a ki ẹnu bọ inú igi, wọn a sì máa fa omi ara rẹ̀ mu. Kòkòrò onípẹ̀ẹ́ ni n ó máa pè wọ́n. Oríṣiríṣi olú ló ń hù lórí wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni láti pín àwọn olú náà sí ìdílé ìdílé. Ní 1848, Montagne, ará Faransé, sọ ìdílé kan ní Aschersonia. Ní 1921, Petch, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Sílónì, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, to ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé. Apani ni àwọn wọ̀nyí: kòkòrò tí wọ́n bá mú, ó kú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìdílé kan wà tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Ní 1892, Patouillard, apòògùn kan ní Faransé, sọ ọ́ ní Septobasidium, nítorí pé ògiri tín-ín-rín pín ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti ń yọ sí yàrá yàrá. Kòkòrò onípẹ̀ẹ́ kì í sì í wọ́n lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ó ń pa wọ́n ni, àbí ó ń dáàbò bò wọ́n?

John Couch, olùkọ́ ní Yunifásítì North Carolina ní Amẹ́ríkà, ló tú ìdí rẹ̀. Kò wo òde nìkan. Ó gé olú náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ó bá yàrá àti ọ̀nà nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò sì ń gbé ibẹ̀. Olú ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, ó ń jẹun lára wọn. Wọn kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n yàgàn. Àwọn yòókù wà ní àlàáfíà, wọ́n ń bímọ lábẹ́ òrùlé tí olú kọ́ fún wọn. Ọmọ wọn tó bá rìn jáde a sì gbé irúgbìn olú lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Couch kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan ní 1938.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ tuntun fi hàn pé ìbátan ni olú yìí jẹ́ fún àrùn tó ń mú ewé àgbàdo dàbí irin tó dógùn-ún, irú èyí tó ba oko jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1949.

Ta wá ni ń san owó ilé náà? Igi ni. Àgbẹ̀ tó bá di ẹ̀bi ru olú nìkan kò tíì mọ ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí ẹ tó sọ nǹkan lórúkọ, ẹ ṣí abẹ́ rẹ̀ wò.