Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Oorun Oògùn Ti Wọra

Ní October 16, 1846, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, William Morton fún ọkùnrin kan ní ether, oògùn akunilóorun, fà símú, oníṣẹ́ abẹ sì yọ kókó tó wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó jí, ó ní kò dun òun, àfi bíi pé nǹkan kan ń ha òun lọ́rùn. Oorun náà kò tíì wọra, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ohun tí yóò fi mọ̀. Lọ́dún kejì, John Snow ní London pín oorun ether sí ìpele márùn-ún.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Arthur Guedel, ọmọ Amẹ́ríkà, ya àtẹ àmì ìpele oorun fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ fífi oògùn kunni lóorun, ó sì ń gun alùpùpù kiri láti bẹ̀ wọ́n wò. Ether kì í yára, ìdí nìyẹn tí àtẹ rẹ̀ fi wúlò: aláìsàn á kọ́kọ́ ṣe ránrànrán, á jà, lẹ́yìn náà ni mímí rẹ̀ á wá lọ déédéé, tí ẹyinjú rẹ̀ á dẹ́kun yíyí.

Oògùn akunilóorun thiopental dé ní 1934. Wọ́n á gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, aláìsàn ti sùn lọ fọnfọn. Kò sí ìpele tí wọ́n fẹ́ kà. Ní 1942, Harold Griffith àti Enid Johnson fi curare, oògùn adẹniláradẹ̀, dẹ ẹran ara aláìsàn ní Montreal. Ibí gan-an ni ẹ̀rù ti bà mí jù, nítorí ẹni tí curare mú lè jí, kó máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kó má sì lè gbé ìka. Ní 1977, Michael Tunstall fi ọ̀já so ọwọ́ kan obìnrin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, kí oògùn adẹniláradẹ̀ má bàa dé ọwọ́ yẹn. Bí obìnrin náà bá jí, á fi ọwọ́ náà dáhùn.

Lónìí, ẹ̀rọ ń wọn afẹ́fẹ́ akunilóorun nínú èémí tí aláìsàn ń mí síta. Propofol, oògùn akunilóorun tí wọ́n ń fà sínú iṣan, kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá yọ kúrò nínú iṣan, ẹ̀rọ tó ń ti oògùn náà á ṣì máa tì í lọ. Ní 1996, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ BIS, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí láti ka iná ọpọlọ láti 0 dé 100. 40 sí 60 ni wọ́n ń fẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí 2004 rí i pé ó dín jíjí lábẹ́ ọ̀bẹ kù. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2008 lórí àwọn tó ń fa afẹ́fẹ́ akunilóorun rí i pé kò ju wíwọn èémí lọ.

Níwọ̀n bí propofol kò ti ní òṣùwọ̀n èémí, mo gbà pé níbi tí propofol àti oògùn adẹniláradẹ̀ bá ti pàdé, kò yẹ kí wọ́n ṣiṣẹ́ láìsí òṣùwọ̀n ọpọlọ.