Rélùwéè Tí Kò Dé Èjìgbò, àti Àwọn Olùfẹ́ Rẹ̀ Tí Tẹlifíṣàn Kò Rí

Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní ojú irin. Kò ní i láyé òyìnbó, kò sì ní i títí dòní. Láti ìlú tí Ògìyán ń jọba lé lórí yìí, Ẹdẹ ni téṣàn tó sún mọ́ jù. Òṣogbo wà lápá ìlà oòrùn, Ìwó wà lápá gúúsù, kò sì sí èyí tó tó kìlómítà 50 nínú wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lókè Èjìgbò náà kò rí irin. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti Èjìgbò, tàbí láti Ìlàwó, Ọlá àti Ìfẹ́ọ̀dàn tó wà ní sàkání rẹ̀, ní láti kọ́kọ́ jáde nílé kó wá a lọ. Irú ìfẹ́ tí ènìyàn fẹsẹ̀ rìn lọ bá bẹ́ẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí tẹlifíṣàn ayé ti fi mọ àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin.

Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Ìddó ní Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Iṣẹ́ sinmi fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún gbéra. Ó gba Ìwó, ó gba Ẹdẹ, ó sì wọ Òṣogbo ní 1907. Ní 1908 ó ti dé Ìlọrin, ní 1909 ó dé Jẹ́bà létí odò Ọya. Nígbà tó fi di 1912, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èyí tó ti Baro lọ sí Kánò, gbogbo rẹ̀ sì di rélùwéè Nàìjíríà kan ṣoṣo. Ohun tí òyìnbó ń wá kò pamọ́: owú, epo, èkùrọ́, àti ọ̀nà tí wọ́n fi lè di Òkè Ọya mọ́ etíkun. Ọ̀rọ̀ ìlú wo ni ọkọ̀ yóò yà sí, ìlú wo ni yóò fò, kò sí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú.

Òṣogbo jẹ èrè rẹ̀ jù. Ìlú tí ogun Òṣogbo ní nǹkan bí 1840 ti sọ di olókìkí wá di ìlú òwò: àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ìsọ̀ síbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀ lé wọn, àwọn oníṣòwò láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì wá ń gbé ẹ̀bá téṣàn. Ẹrù oko Èjìgbò náà ń lọ sí ọ̀nà yẹn. Kí mọ́tò tó wọ́pọ̀, orí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e dé etí irin.

Àwọn òpìtàn a máa sọ̀rọ̀ nípa ẹrù wọ̀nyí dáadáa, wọn a sì gbàgbé ojú tó ń wò. Rélùwéè jẹ́ ìran wíwò kó tó di ohun wíwọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú, tó ń mu omi, tó ń tú èéfín, tó sì ń fọn fèrè kó tó yọ: kò sí ohun tó jọ ọ́ rí ní àgbègbè náà. Ó ní láti dúró mu omi ní téṣàn, ìdúró yẹn ló sì bí ọjà. Ẹlẹ́kọ, alákàrà, ọlọ́sàn, gbogbo wọn ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọdé tí kò ní nǹkan láti tà ń wò, wọ́n sì ń padà sílé láti to ara wọn gẹ́gẹ́, ọwọ́ èkejì léjìká èkíní, kí wọ́n máa sáré yí agbo ilé ká bí ọkọ̀. Ní àwọn abúlé ẹ̀bá irin, fèrè ọkọ̀ ni aago. Àgbẹ̀ tó gbọ́ ti àárọ̀ mọ̀ bóyá òun ti pẹ́ lóko.

Lẹ́yìn ogun Hitler, láti 1948, àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ odò Nàìjíríà ni wọ́n fi sọ wọ́n, odò kan fún ẹ́ńjìnnì kan. Ọmọ tó mọ ìwé kà ní Ẹdẹ tàbí Òṣogbo lè dúró ka orúkọ náà bí ọkọ̀ ti ń wọlé. Ní ìlú tí wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, yóò sì fi lérí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn gan-an ni àṣà tí Gẹ̀ẹ́sì sọ di ti orílẹ̀-èdè. Ní 1942, lójú ogun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ian Allan, akọ̀wé ní ọ́fíìsì Southern Railway ní Waterloo, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó to nọ́ńbà gbogbo ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń kọ lẹ́tà ìbéèrè nípa ẹ́ńjìnnì wá, ó sì rẹ̀ ẹ́ láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà tà wàràwàrà. Lẹ́yìn ogun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin ló ń dúró ní òpin téṣàn pẹ̀lú pẹ́ńsù, tí wọ́n ń fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n bá ti rí.

Nígbà tí tẹlifíṣàn kọ́kọ́ bá wọn níbẹ̀, ó bu ọlá fún wọn. Láti 1958 sí 1962, BBC ń ṣe ètò kan fún àwọn ọmọdé, Railway Roundabout, tó ń fi àwọn ẹ́ńjìnnì hàn bí ẹni ń fi ọba hàn. Ní 1963 akéwì John Betjeman wọ ọkọ̀ ní ojú irin kékeré kan ní Somerset, ó sì fi fíìmù kan bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má pa á tì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ 1968, British Rail fi ẹ́ńjìnnì eléèéfín sílẹ̀ lórí àwọn irin gbogboogbò rẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbà náà di àgbàlagbà, wọn ò sì fi téṣàn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú tẹlifíṣàn ti yí padà. Ọkùnrin tó wọ kóòtù òjò, tó gbé fílásíkì tíì dání, tí kò ní ìyàwó, tí kò mọ ọ̀rọ̀ míì í sọ ju nọ́ńbà ọkọ̀ lọ: òun ni wọ́n fi ń pa èrò lẹ́rìn-ín nínú eré lẹ́yìn eré. Orúkọ aṣọ́-rélùwéè wá di èébú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kódà nígbà tí òǹkọ̀wé Irvine Welsh fi orúkọ àṣà náà ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ ní 1993, tí wọ́n sì fi ṣe sinimá ní 1996, àwọn tó ń lo oògùn olóró ní Edinburgh ni ìtàn náà dá lé, rélùwéè kọ́.

Ẹnì kan tó yẹ kí a yọ sọ́tọ̀ ni Michael Palin, òṣèré aláwàdà Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1980, nínú ètò BBC kan lórí àwọn ìrìn àjò rélùwéè ńláńlá ayé, ó gbéra láti Euston ní Lọ́ńdọ̀nù títí dé Kyle of Lochalsh ní ìpẹ̀kun Scotland. Ó pe ìrìn náà ní ìjẹ́wọ́ aṣọ́-rélùwéè, ó sì ra pátákó orúkọ téṣàn tó bọ́ sí, ó gbé e lọ sílé. Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn nǹkan ni. Ọ̀pọ̀ ètò tó tẹ̀ lé e kò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni tẹlifíṣàn tiwa ṣe? Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà kò kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí tẹlifíṣàn WNTV ní Ìbàdàn, ó sì fi jíjẹ́ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà yangàn. Òṣogbo, ìlú rélùwéè, ló fún un ní díẹ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀ tó dára jù. Dúró Ládiípọ̀ ti ibẹ̀ wá. Oyin Adéjọbí tí Kóòtù Aṣípa rẹ̀ kó ilé jọ síwájú tẹlifíṣàn náà ti ibẹ̀ wá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbé nínú ìlú tí fèrè ọkọ̀ ń dún sí. Síbẹ̀, ọba, orogún, ẹjọ́ àti òrìṣà ni àwọn ará ilé fi ń rántí iṣẹ́ wọn. Rélùwéè tó kọ́ ìlú náà ní òwò kò di ìtàn tí a ń jókòó wò lálẹ́.

Inú ìròyìn ni tẹlifíṣàn fi rélùwéè sí. Ìyanṣẹ́lódì, ọkọ̀ tó yẹ̀ kúrò lórí irin, owó oṣù tí wọn ò san, èrò tó jókòó sórí òrùlé ọkọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí aráyé rí i. Láti ìgbà Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àti ìyanṣẹ́lódì ńlá 1945, òṣìṣẹ́ rélùwéè ti wà níwájú nínú ìjà àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí. Àmọ́ ìròyìn máa ń wá nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan. Kì í béèrè ìdí tí ìyá àgbà kan fi yan ọkọ̀ tó lọ́ra, nígbà tí bọ́ọ̀sì wà.

Ìgbà kan wà tí ìdáhùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lójú tẹlifíṣàn. Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ gómìnà láàárín 2010 sí 2018, ìjọba Ọ̀ṣun a máa háyà ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó sí Òṣogbo nígbà Iléyá, Kérésìmesì àti Àjíǹde. Gbóyèga Oyètọ́lá tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ náà ṣe é. Kámẹ́rà lọ sí Ìddó, wọ́n ya ogunlọ́gọ̀, wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aṣojú ìjọba, wọ́n sì kúrò. Ìrìn náà fúnra rẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 300, tí àwọn àgbàlagbà ń nawọ́ sí oko tí wọ́n mọ̀ nígbà èwe, tí ará Èjìgbò ń bọ́ sílẹ̀ láti wá mọ́tò tó kù dé ilé, kò rí ààyè nínú ìròyìn ìṣẹ́jú méjì. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí inú ọkọ̀ yẹn gan-an ni àwọn olùfẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Yorùbá wà, lọ́pọ̀ yanturu, tí ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ tẹnu wọn.

A ní àwọn tí wọ́n fi ìwé ṣe ìfẹ́ náà. Francis Jaekel, òyìnbó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè Nàìjíríà, kọ ìtàn rẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1997. Ilé kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 sí àgbàlá rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ló tún un ṣe, àwòrán àtijọ́ rélùwéè sì wà nínú rẹ̀. Èkó ni gbogbo èyí wà. Ní Ọ̀ṣun, orí àwọn ènìyàn ṣì ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé náà.

Ní ti Èjìgbò, irin kejì tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọmọ ìlú náà ti ń lọ ṣòwò ní Ivory Coast, tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀sì fi ń gbéra ní Èjìgbò tààrà lọ sí Abidjan, tí èdè Faransé sì ń dún lọ́jà ìlú. Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ irin tiwọn láti Abidjan ní 1904. Ó dé Bouaké ní 1912, Bobo-Dioulasso ní 1934, Ouagadougou ní 1954. Àwọn Yorùbá oníṣòwò tẹ̀ dó sí Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, wọ́n sì tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn wọ àárín orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, rélùwéè tí wọ́n mọ̀ jù lọ kì í ṣe ti Òṣogbo rárá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ wọn gba ilé wá, wọ́n sì kó ìtàn irin náà bọ̀.

Ọ̀nà wà tí tẹlifíṣàn lè fi gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 2009, tẹlifíṣàn ìjọba Norway, NRK, ṣe ohun kan tí kò sẹ́ni tó rò pé yóò gbà. Wọ́n fi ìrìn rélùwéè láti Bergen dé Oslo hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí méje àti díẹ̀, láìgé e. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ó lé igba ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wo nínú rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí kò tó mílíọ̀nù márùn-ún nígbà náà. Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà, ihò inú òkè, yìnyín, àti ohùn àwọn tó mọ ọ̀nà náà ni wọ́n fi kún un.

OSBC, tẹlifíṣàn ìjọba Ọ̀ṣun, lè ṣe irú rẹ̀ láti Ìddó dé Òṣogbo, èdè Yorùbá sì ni yóò gbé e jù. Ohùn tó yẹ kó wà lábẹ́ àwòrán náà kò ṣòro láti rí: òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní Òṣogbo tó mọ ẹ́ńjìnnì lórúkọ, ìyá tó ta ẹ̀kọ ní téṣàn Ẹdẹ láti ìgbà ọmọge, àti àgbà Èjìgbò kan tó ti wọ ti Èkó, tó sì ti wọ ti Bouaké. Kí wọ́n bi àgbà yẹn léèrè èwo nínú méjèèjì ló ń tètè dé, èwo ni ẹrù kì í sọnù nínú rẹ̀, iye tó san fún tíkẹ́ẹ̀tì, àti ẹni tó jókòó tì í lójú ọ̀nà. Kí kámẹ́rà sì dúró títí yóò fi sọ ọ́ tán.