Ibùwọ̀ Òṣìṣẹ́ Ojú Irin: Ta Ni Ó Ń San Owó Ilé?

Kí ojú irin tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí iṣẹ́ tàbí òwò bá gbé kúrò nílùú rẹ̀ kì í wá yàrá tí yóò háyà. Ẹni tí yóò wọ̀ sí lọ́dọ̀ ni ó ń wá. Àwọn alájàpá, ìyẹn àwọn oníṣòwò tí ń ra ọjà níbi tó ti pọ̀ lọ tà níbi tó ti wọ́n, a máa rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nítorí ogun àti àwọn ajínigbé, bí wọ́n bá sì dé ìlú, onílé kan tó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà wọ́n sí agbo ilé rẹ̀. Onílé yìí ni ó ń ṣe onídùúró fún wọn lọ́dọ̀ àwọn ìjòyè, ó ń bá wọn pa ẹrù mọ́, ó sì sábà ń bá wọn wá oníbàárà. Wọn kì í ka owó ilé sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àti làádá, èyí tí í ṣe owó tí alágbàtà ń gbà lórí ọjà tó bá wọn tà, kò ní ṣàì kàn án. Ètò yìí pẹ́ kó tó kógbá wọlé. Ní Sábó Ìbàdàn, àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá ní 1916, àwọn onímàlúù àti àwọn olóbì ṣì ń wọ̀ sílé alágbàtà láìsan kọ́bọ̀ lórí yàrá títí di àwọn ọdún 1960, nítorí pé inú làádá ni owó yàrá náà wà.

Ojú irin ni ó kọ́kọ́ kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin jọ tí wọn kò ní ọjà kankan tí onílé lè gba làádá lórí rẹ̀. Láti Ìddó ní Èkó ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1896. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1911, ó ti kan Kánò. Owó oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbà, owó oṣù yìí náà ni onílé sì ń wò. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ wọn le ni pé lẹ́tà kan péré tó láti gbé akọ̀wé tàbí awakọ̀ láti Èbúté-Mẹ́ta lọ sí Ọ̀fà tàbí Mínnà, kò sì sí ẹni tó lè sọ bí yóò ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin wà, àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé tó láyè fún, àwọn aláwọ̀ dúdú tó sì pọ̀ jù lọ ń wá ibi tí wọn yóò sùn láàárín ìlú. Ọmọ Ẹ̀gbá lè rí ìbátan níbẹ̀, torí pé àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, ti tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹni tí kò ní ìbátan yóò di ayálégbé.

Irú ilé tí wọ́n ń yá yìí yẹ ní wíwò dáadáa. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ láti Brazil àti Cuba àti àwọn ọmọ wọn, ni ó sọ ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì, di ohun tí gbogbo Èkó mọ̀. Nígbà tó yá, àwọn onílé rí i pé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lè mú owó wá lóṣooṣù. Nínú yàrá kan ṣoṣo, ibùsùn a wà ní kọ̀rọ̀, aṣọ ìkélé a pín in níyà kúrò lára àga àlejò, àpótí a wà lábẹ́ ibùsùn, ẹní tí àwọn ọmọ tàbí àbúrò ń sùn lé a sì dúró ní kíká lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ilé ti ń dáná, ibẹ̀ náà ni balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń dá gbé inú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju àìrówó lọ. Obìnrin Yorùbá ní òwò tirẹ̀: ó ní ìsọ̀, ó ní oníbàárà tó ń rajà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà nínú èésú, ìyẹn owó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń dá jọ tí wọ́n sì ń kó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣeé dì sínú àpótí nínú wọn. Lisa Lindsay, òpìtàn tó kọ ìwé lórí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ilẹ̀ Yorùbá ní 2003, ṣàlàyé bí owó oṣù ọkọ àti òwò ìyàwó ṣe jọ ń gbé ilé ró. Bí ìyàwó bá tẹ̀ lé ọkọ, ó di dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dúró, ìdílé kan di ilé méjì, èrè ọjà rẹ̀ sì ni ó sábà ń gbọ́ bùkátà ti ilé kejì kí owó oṣù lè tó fún yàrá.

Ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945 gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Ogun àgbáyé kejì ti mú kí oúnjẹ àti owó ilé gbówó lórí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn ti ojú irin pẹ̀lú aṣáájú wọn Michael Imoudu wà níwájú, sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹjọ. Lára ohun tí àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ ń jà fún ni kí a máa fún àwọn náà lówó ìtọ́jú aya àti ọmọ bí a ti ń fún àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ dáhùn pé obìnrin ilẹ̀ yìí ń ṣòwò, wọn kò gbójú lé ọkọ. Èsì yìí burú púpọ̀, nítorí pé ó sọ làálàá àwọn obìnrin di àwáwí láti má ṣe sanwó fún ọkọ wọn. Àwọn obìnrin ọjà kan náà sì ni wọ́n ń ta oúnjẹ láwìn fún àwọn tó yanṣẹ́ lódì títí ìjà fi parí.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ LEDB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín ìlú, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì láyè, ṣùgbọ́n ọjà kò bá wọn kó lọ. Ìwé tí Peter Marris gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1961 fi hàn pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó kó lọ ni òwò wọn dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti máa wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀, owó ọkọ̀ yìí sì ni a gbọ́dọ̀ kà mọ́ owó ilé kí a tó lè mọ iye tí Sùúrùlérè ń ná ìdílé rẹ̀.