Kétu: Ohun Tó Sọ Ìlú Di Àhoro àti Ohun Tó Tún Un Kún

Iye ènìyàn ìlú kan kì í ṣe iye ọmọ tí a bí síbẹ̀ nìkan. Ó tún jẹ́ iye àwọn tó rí ìfọ̀kànbalẹ̀ àti oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Ìtàn Kétu láti ọdún 1886 fi èyí hàn kedere.

Ní ọdún náà, lẹ́yìn ìdótì tó mú ebi bá ìlú, àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, wọ Kétu. Odi, yàrà àti ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà kò lè gba ìlú sílẹ̀ mọ́. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbèkùn lọ sí Agbómẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, igbó bo ààfin Alákétu.

Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, àwọn ìgbèkùn padà wálé. Ní 1894, Ọba Onyegen gun orí ìtẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tún ìlú kọ́. Ṣùgbọ́n ní 1889, kí wọ́n tó dé, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pààlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó bi Alákétu léèrè.

Láti 1899 ni Faransé ti ń gba owó-orí ní Dàhòmì. Àgbẹ̀ tó ní iṣu àti àgbàdo lóko gbọ́dọ̀ wá owó fún ìjọba. Iṣẹ́ ọ̀nà tipátipá tẹ̀lé e. Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n tún ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò kọ ìwé ẹ̀sùn. Ẹrù ni wọ́n dì, wọ́n sì kọjá ààlà lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn. Bí Kétu ṣe ń dínkù, ìhà kejì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ìran kan náà ni wọ́n.

Ní 1946, òfin fòpin sí iṣẹ́ tipátipá. Nígbà tó fi di ìkànìyàn 2002, àwọn olùgbé agbègbè Kétu ti tó nǹkan bí 100,000. Ní 2013, wọ́n ti lé ní 150,000. Kì í ṣe ọmọ bíbí nìkan ló fà á. Ní agbègbè Agbómẹ̀, ilẹ̀ ti há, ó sì ti ṣá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ wá tọrọ ilẹ̀ ní Kétu. Lónìí, Fọ̀n, Máhì, Ọ̀họ̀rí àti Fúlàní ń gbé pẹ̀lú ọmọ Alákétu. Ibi tí ogun Dàhòmì ti sun ilé rí ni àwọn tó ti ilẹ̀ Dàhòmì wá ń gbin àgbàdo, ẹ̀pà àti òwú.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àlejò yóò bo onílé mọ́lẹ̀. Ewu tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe ti àlejò, bí kò ṣe ti ilẹ̀ tí a ń tà pátápátá. Owó ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan la máa ń ná an. Ilẹ̀ tí a fi dáko lábẹ́ ìmọ̀ ẹbí àti ààfin ń bọ́ ìran dé ìran. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ìlú tó ti di àhoro rí mọ iyì aṣọ náà: ọmọ rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Kétu nínú ìsìn òrìṣà ní Bàhíà, àti àlejò tó fi ọkọ́ bọ́ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ Alákétu.