Dìgírì láti ilé fún pásítọ̀: ta ló máa dán yín wò?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílùú ńlá báyìí ló níṣẹ́ míì lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wọ́n wà ní ọ́fíìsì tàbí ní ìsọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n wà lórí pẹpẹ. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ọdún mẹ́rin tí wọ́n á fi jókòó sí kíláàsì? Ìdí nìyẹn tí ìpolówó "ẹ gba dìgírì ìmọ̀ Ọlọ́run láti ilé yín" fi ń rí wọn mú. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, torí ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú náà sì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan tuntun

Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò wọ ọgbà rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, B.D., ìyẹn Bachelor of Divinity, bọ́ sára àwọn dìgírì téèyàn lè dá kà fún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run á ra ìwé, á kà á nílé, á sì lọ jókòó ṣe ìdánwò tí London fúnra rẹ̀ ṣètò. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ohun tó mọ̀ ni wọ́n ń wò. Yunifásítì Ìbàdàn gan-an, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, dìgírì London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà, títí tó fi dá dúró ní 1962.

Ní Guatemala, sẹ́mínárì ìjọ Presbyterian kan rí i pé àwọn tó ń darí ìjọ ní abúlé ti ní ìyàwó, ọmọ àti oko. Wọn ò lè kó ẹrù wá sílé ẹ̀kọ́. Ní 1963, sẹ́mínárì náà gbé ẹ̀kọ́ lọ bá wọn: wọ́n á kàwé nílé, olùkọ́ á sì wá pàdé wọn lóòrèkóòrè. Ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní TEE, tàn dé Áfíríkà àti Éṣíà.

Lọ́dọ̀ wa, NOUN ni ti ìjọba. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, ó tún padà dé ní 2002. Ó ní B.A. nínú Christian Theology. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa dá ka ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ṣe fún un, á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á sì lọ ṣèdánwò.

Ibi tí wàhálà wà

Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn fúnni ní dìgírì ẹ̀sìn láìgba ìwé àṣẹ bíi ti yunifásítì yòókù. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ kan lè bófin mu níbẹ̀ kó má sì sí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń dá àjọ ìfọwọ́sí tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n lè sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí àwọn.

Ní Nàìjíríà, àjọ NUC ló ń fọwọ́ sí yunifásítì, ó sì máa ń gbé orúkọ àwọn tó ń pín dìgírì láìgbàṣẹ jáde. Àwọn sẹ́mínárì kan máa ń so mọ́ yunifásítì, bí Immanuel College ṣe so mọ́ Yunifásítì Ìbàdàn.

Oyè ẹ̀yẹ ńkọ́?

Oxford fún Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní oyè D.D. ní 1864. Oyè ẹ̀yẹ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gba D.D., ọjà lẹ rà yẹn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi wọ́n léèrè:

1. Ta ló ń ṣètò ìdánwò, ta ló sì ń máàkì í?
2. Yunifásítì wo ni orúkọ rẹ̀ máa wà lórí ìwé ẹ̀rí? Ẹ kàn sí yunifásítì náà fúnra yín.
3. Àjọ wo ló fọwọ́ sí i? Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì NUC.
4. Ìwé mélòó lẹ máa kà, iṣẹ́ mélòó lẹ máa kọ? Tí wọ́n bá ní oṣù mẹ́ta ló gbà, ẹ sá.
5. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ìkarùn-ún yẹn ṣe kókó. Ìjọ lè gbọ́wọ́ lé yín lórí láìsí dìgírì. Òfin Nàìjíríà ò sọ pé pásítọ̀ gbọ́dọ̀ ní i. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ Bíbélì lẹ ń wá, sàtífíkéètì láti ilé ẹ̀kọ́ ìjọ yín lè tó, owó rẹ̀ sì lè kéré. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka masters, tàbí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó ń béèrè dìgírì, ìwé tí NUC ò mọ̀ ò ní ṣílẹ̀kùn kankan fún yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú wọn lẹ máa tó mọ̀ pé owó ti wọgbó.