GNU Privacy Guard

GNU Privacy Guard, tí a tún mọ̀ sí GnuPG tàbí GPG, jẹ́ sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí a fi ń yí fáìlì àti ímeèlì padà sí àmì tí ẹni tí a kò kọ ọ́ sí kò lè kà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows àti macOS. Ẹnikẹ́ni ló ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn.

Ìtàn

Ní ọdún 1991, Phil Zimmermann, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé sọ́fítíwià PGP jáde. Nígbà tí PGP tàn dé òkè òkun, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí Zimmermann, nítorí pé òfin ìgbà náà ka irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ìjà. Wọ́n pa ìwádìí náà tì ní 1996 láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́.

Werner Koch, ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ GnuPG ní 1997. Ẹ̀dà 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999. Ó ń tẹ̀lé ìlànà OpenPGP, èyí tí a gbé kalẹ̀ láti ara PGP. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí kò tó nǹkan ni Koch fi ń tọ́jú iṣẹ́ náà. Ní 2015, ìròyìn nípa ipò yìí mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ dáwó fún un.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Òǹlò kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Kọ́kọ́rọ́ gbangba dà bí àgádágodo tó ṣí sílẹ̀: a lè fún gbogbo ayé, kí wọ́n máa fi ti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa pa. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ nìkan ló lè ṣí i, ọwọ́ òǹlò nìkan ló sì gbọdọ̀ wà. A tún lè fi í bu ọwọ́ lu ìwé, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá, àti pé ẹnikẹ́ni kò yí i padà lójú ọ̀nà.

Fún fáìlì tí a ń tọ́jú fún ara wa, àṣẹ gpg -c ń lo ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nìkan. Fáìlì àtilẹ̀wá ṣì máa wà níbẹ̀ títí òǹlò yóò fi pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìlò láàárín àwọn oníròyìn

Nígbà tí Edward Snowden fẹ́ tú àṣírí ìṣọ́ni tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe ní 2013, ímeèlì tí a tì pa báyìí ló fi bá Laura Poitras sọ̀rọ̀. Glenn Greenwald, tí ó ti kọ́kọ́ kàn sí, kò tíì ní irinṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí sì fa ìdádúró.

Ààlà rẹ̀

GPG kì í bo orúkọ ẹni tó kọ ímeèlì, orúkọ ẹni tó gbà á tàbí àkókò tí a fi ránṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àkọlé náà máa ń hàn. Ó tún ṣe pàtàkì láti fi ẹnu bi oní-kọ́kọ́rọ́ bóyá tirẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbangba tí a rí, nítorí ẹlòmíràn lè fi orúkọ rẹ̀ ṣe ayédèrú. Bí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ bá sọnù, tàbí tí òǹlò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó lè bá a ṣí ohun tó ti tì pa.