Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí oògùn olóró tàbí ọtí bá mú dókítà lẹ́rú, ta ni yóò wò ó sàn? Ẹ jẹ́ kí á bi ìtàn léèrè.

Ní 1884, ìròyìn kàn pé kokéènì lè mú kí ara kú nígbà iṣẹ́ abẹ. William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ní New York, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún un sí ara wọn láti dán an wò. Kì í ṣe fàájì ni wọ́n ń wá, ìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n oògùn náà dè wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Halsted lọ sí ilé ìtọ́jú, mọ́fíìnì tún mọ́ ọn lára. Síbẹ̀, òun ló di ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù Johns Hopkins, tí wọ́n ṣí ní 1889. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dókítà William Osler, mọ àṣírí náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n dì pa. Ọdún 1969 ni wọ́n tó ṣí i. Halsted ti kú láti 1922.

Ọ̀nà mìíràn ni Dókítà Robert Smith ti ìlú Akron gbà. Oníṣẹ́ abẹ lòun náà, ọtí ló sì fẹ́ bayé rẹ̀ jẹ́. Ní 1935, ó pàdé ẹnì kan tí ọtí ti mú rí, wọ́n sì sọ òótọ́ fún ara wọn. Láti oṣù kẹfà ọdún náà ni kò ti fẹnu kan ọtí mọ́ títí ó fi kú ní 1950. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1907, ìjọba òyìnbó ṣí ilé wèrè Yábàá. Òfin 1916 pe ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú ní aṣiwèrè, ó sì fàyè gba títì í mọ́lé. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Àrò, Abẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé láàrin abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ó sì ń gba ìtọ́jú. Àmọ́ òfin àtijọ́ kò kúrò nílẹ̀ títí di oṣù kìíní 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìtìjú yìí fi wà nínú ìwé òfin. Dókítà tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò gba ìwé àṣẹ òun kì í jẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ pethidine àti pentazocine kò jìnnà sí i. Ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó sì mọ bí a ti ń fi í pamọ́. Àwa ará Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò tí a ń tò ní ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́ mọ bí èrò ti pọ̀ tó níwájú dókítà kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè òkun, ẹrù wọn sì ń já lé e lórí.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí oníwòsàn kan nínú ẹbí yín tí ìwà rẹ̀ yí padà, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti bo Halsted. Ẹ mú un lọ sí Yábàá tàbí Àrò. Wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni í gbẹ́ èèkù fún ọ̀bẹ. Kí Ọlọ́hun fún àwọn oníwòsàn wa ní àlàáfíà.